Bí owó Ìyá Sikírù ṣe bọ́ sínú ìwé Bọ́sẹ̀: ìrírí mi lẹ́nu kíkọ́ class àti object

Ní oṣù kejì ọdún 2023, ẹ̀rọ POS mi jókòó sórí tábìlì ní Mùṣin bí ère. Ẹ rántí àsìkò yẹn. Wọ́n ní kí gbogbo ayé lọ pààrọ̀ owó àtijọ́, owó tuntun ò sì kárí. Ẹni tó bá rí owó gbà níbi ẹ̀rọ báńkì, ó ti lè máa tò síbẹ̀ láti ìdájí. Èmi tí mo ń fi owó ṣòwò owó, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Oníbàárà á dé, á wo ojú mi, n óò mi orí, á yí padà. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn, láptọ́ọ̀pù àlòkù tí àbúrò mi fi sílẹ̀ kó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀ wà lórí itan mi.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé àṣìṣe tí mo fi oṣù mẹ́ta ṣe, mo ti tún rí i lọ́wọ́ àwọn mìíràn tí wọ́n ní kí n bá àwọn wo iṣẹ́ wọn. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i. Oorun tí mo pàdánù nítorí rẹ̀ kò kéré.

Ẹni tó kọ́kọ́ fọ̀nà hàn mí ni ọmọkùnrin kan tó máa ń gba owó lọ́wọ́ mi tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Yábàá. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fi for loop ka nọ́ńbà láti 1 dé 100, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ẹ lọ ṣe àkáǹtì báńkì. Kí èèyàn lè fowó sí i, kó lè gbà á, kó lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Tó bá ti dúró, ẹ ti mọ class àti object nìyẹn."

Àkáǹtì báńkì! Ọkàn mi balẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ń ti mí lójú láti sọ, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Mo dá class sílẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Class IyaSikiru wà, class Alaaji wà, class Bose wà, wọ́n pé méje. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní deposit àti withdraw tirẹ̀, mo kàn ń da ọ̀rọ̀ kan náà kọ ni. Tí mo bá fẹ́ tún ìlà kan ṣe, ibi méje ni n óò dé, n óò sì gbàgbé ọ̀kan. Nígbà tí ọmọkùnrin Yábàá rí i, ó ní class dà bí pílánù ilé, object ni ilé gan-an. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́. Èmi tí mi ò kọ́lé rí, kí ni mo mọ̀ nípa pílánù?

Káàdì ló là mí lójú. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí mo ń pè ní Màmá, ni alájọ ní ọjà Oyíngbò, èmi ló sì máa ń rán lọ sí Ṣómólú láti bá a tẹ káàdì. Ẹni tó bá ti dé àdúgbò àwọn atẹ̀wé níbẹ̀ mọ bí ariwo ẹ̀rọ ṣe máa ń rí. Mo dúró ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, mo ń wò ó: plate kan ṣoṣo ló so mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta káàdì ló ń jáde lára rẹ̀. Lórí káàdì, àyè orúkọ wà, àyè iye owó wà, àpótí kéékèèké 31 sì wà fún ọjọ́ inú oṣù. Plate fúnra rẹ̀ kò lórúkọ ẹnì kankan lára. Kò sẹ́ni tó lè dá àjọ sínú plate.

Mo dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan, atẹ̀wé ń wò mí bóyá orí mi pé. Plate ni class. Káàdì ni object. Ìgbà tí Màmá bá fa káàdì tuntun yọ tó kọ "Ìyá Sikírù, ₦500" sókè rẹ̀, `__init__` nìyẹn, ohun tí Python ń ṣe nígbà tó bá ń ṣí object tuntun. `self` tó ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn kò ju "káàdì yìí" lọ, èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Mo kà á lẹ́yìn ìgbà náà pé àwọn ará Norway méjì, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ló gbé class àti object jáde nínú èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Simula, ní Oslo, lẹ́yìn ọdún 1960. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ni kí kọ̀ǹpútà lè máa ṣe bí nǹkan ayé ṣe ń ṣe. Ó tù mí nínú. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń wo alájọ lójú kó tó kọ kóòdù kò ṣìnà.

Mo padà sí Mùṣin, mo pa class méje rẹ́, mo kọ ẹyọ kan. Ẹ wò ó:

```
class Akanti:
    itan = []

    def __init__(self, oruko):
        self.oruko = oruko
        self.owo = 0
```

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti rí àrùn náà. Èmi ò rí i. Mo ṣí àkáǹtì fún Ìyá Sikírù, mo fi ₦5,000 sí i. Mo ṣí ti Bọ́sẹ̀, mi ò fi kọ́bọ̀ kan sí i. Mo ní kó tẹ ìtàn àkáǹtì Bọ́sẹ̀ jáde, ₦5,000 Ìyá Sikírù ló gbé wá fún mi. Mo tún un tẹ̀. Bákan náà ni. Mo pa láptọ́ọ̀pù, mo tàn án padà. Mo ní bóyá iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ti bà á jẹ́. Alẹ́ méjì ni mo fi wo ojú ìwé kan. Ní alẹ́ kejì, àyà mi ń já gidi, torí mo ti ń rò ó pé, ká ní báńkì tòótọ́ ni èyí ńkọ́?

Ohun tó tún fi da orí mi rú ni pé `owo` kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà kan mo ti fi `owo = 0` sí òkè níbi tí ìtàn wà, kò sì sẹ́ni tówó rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ẹnì kejì. Kí ló dé tí ìtàn ń dà pọ̀? Ìdí rẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Tí mo bá kọ `self.owo += 5000`, Python á kọ nọ́ńbà tuntun sórí káàdì onítọ̀hún, á fi ti plate sílẹ̀. Ṣùgbọ́n `self.itan.append(...)` kì í kọ nǹkan tuntun sórí káàdì. Yóò wá list náà, ìyẹn àtòjọ tó ń jẹ́ `itan`, lórí káàdì, kò ní bá a níbẹ̀, yóò lọ bá a lára plate, ibẹ̀ ni yóò sì kọ̀wé sí. Plate kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn ń nawọ́ sí. Mo gbé `self.itan = []` wọ inú `__init__`, wàhálà parí.

Ó parí fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà mo kọ `def __init__(self, oruko, itan=[])`, mo rò pé mo gbọ́n, àrùn kan náà sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Python ń dá list inú àkámọ́ yẹn sílẹ̀, nígbà tó bá kọ́kọ́ ka def, ẹni tí kò bá sì mú list tirẹ̀ wá, òun ni yóò máa lò. Ẹ fi `None`, ìyẹn òfo, síbẹ̀, kí ẹ dá list sílẹ̀ nínú.

Ọmọ ìyá oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló rí àlébù kejì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo ní kó wá bá mi dán an wò, kó gba owó. Kàkà kó tẹ 5000, ó tẹ -5000, ó sì kígbe: "Bùọ̀dá, owó mi ń pọ̀ sí i!" Lóòótọ́ ni. Yọ òdì ẹgbẹ̀rún márùn-ún kúrò, o ti fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún kún un. Ìṣirò ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, mi ò sì rò ó. Mo kọ́ withdraw pé kó má ṣe gba iye tí kò bá ju òdo lọ. Ọmọ náà wo ojú kóòdù díẹ̀, ó ní kí n kọ `bose.owo = 1000000`. Bọ́sẹ̀ di olówó mílíọ̀nù kan láìdé ọ̀dọ̀ deposit rárá.

Mo lọ bá Màmá ní Oyíngbò ní ọjọ́ kejì, mo béèrè bó ṣe ń ṣe é tí oníbàárà kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà sórí káàdì. Ṣebí ọwọ́ oníbàárà ni káàdì ń gbé? Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Àjàní, ta ló ní kó fà á? Èmi nìkan ni mò ń fi bírò kan káàdì. Ẹni tó bá fà á lẹ́yìn mi, ìwé mi á tú u fó." Ìwé rẹ̀ ni nóòtùbúùkù aláwọ̀ dúdú tí kì í kúrò nínú àpò ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ọjà Oyíngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá, àmọ́ ìwé yẹn mọ̀.

Python kò ní kọ́kọ́rọ́ tó le tí ẹ lè fi ti owó mọ́lé. Ẹ lè fi ìlà ìsàlẹ̀ síwájú orúkọ, `_owo`, èyí tó túmọ̀ sí "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án". Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án á ṣì fọwọ́ kàn án. Inú mi kò dùn nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo wá rí nínú ìdáhùn Màmá ni pé ìwé kejì ló ń dáàbò bo owó rẹ̀, káàdì kọ́. N óò padà sórí èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kọ́bọ̀ kíákíá. Ẹni tó bá ń fowó ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn mọ ₦26.88 bí ẹni mọ owó. Ní ọdún 2020 ni CBN fi owó ìfiránṣẹ́ sí ₦10 bí iye náà kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦25 bó bá jù bẹ́ẹ̀ títí dé ₦50,000, àti ₦50 fún èyí tó bá ju ₦50,000 lọ. VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún á wá gun orí rẹ̀. Lórí ₦25, ìyẹn jẹ́ ₦1.875. Kò sí ààbọ̀ kọ́bọ̀ nílẹ̀ yìí, wọ́n á sún un sókè, ló fi di ₦26.88. Èmi ń fi float, ìyẹn nọ́ńbà tó ní pọ́íǹtì láàárín, ṣe gbogbo rẹ̀. Mo fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá sí àkáǹtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn 0.1, mo gba 0.3 jáde, mo ní kó ti àkáǹtì pa tówó rẹ̀ bá jẹ́ òdo. Ó kọ̀. Mo wo inú rẹ̀, 5.551115123125783e-17 ni mo bá, ìyẹn nǹkan bín-ín-tín tó fi ju òdo lọ. Kọ̀ǹpútà ń ka owó ní méjì-méjì, kò rí ìdá kan nínú mẹ́wàá dì mú géérégé, bí àwa náà kò ṣe lè fi ẹyọ owó pín náírà kan sí mẹ́ta kó má ṣẹ́ kù. Láti ọjọ́ náà, kọ́bọ̀ ni mò ń kà, nọ́ńbà odindi. ₦26.88 ni 2688. Ìgbà tí mo bá fẹ́ fi han èèyàn nìkan ni mò ń dá a padà sí náírà. Decimal náà, irinṣẹ́ Python tó ń ka ìdá mẹ́wàá géérégé, wà fún ẹni tó bá fẹ́.

Ìṣòro kan tún wà tí àwọn olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ, bóyá torí pé kò kàn wọ́n. Orúkọ wa. Mo fi orúkọ wá àkáǹtì. Mo tẹ Bọ́sẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, mo tún tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, Python ní òun kò mọ Bọ́sẹ̀ kejì. Lójú èmi, kò sí ìyàtọ̀. Lójú rẹ̀, ọ̀kan fi ọ tó ti ní ẹsẹ̀ lábẹ́ látilẹ̀ ṣe é, èkejì fi o lásán, ó wá lẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. `unicodedata.normalize` á sọ wọ́n di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé báńkì wo ló ń fi orúkọ wá owó? Nọ́ńbà àkáǹtì tó ní díjítì mẹ́wàá ni gbogbo báńkì wa ń lò. Èmi náà yí sí i.

Lẹ́yìn náà ni mo kó sínú ọ̀ràn inheritance. Mo gbọ́ pé class lè bí class, orí mi wú. Akanti bí Savings, ó bí Current, ó bí Domiciliary tó ń da dọ́là pọ̀ mọ́ náírà láìbi ẹnikẹ́ni. Savings wá bí Ajo. Àjọ ṣáà jẹ́ owó tí èèyàn ń tọ́jú, àbí? Àmọ́ a kì í gba àjọ kí oṣù tó parí, mo bá jẹ́ kí withdraw Ajo máa ju àṣìṣe sílẹ̀ bí ọjọ́ kò bá tíì pé. Ó lẹ́wà lójú mi.

Ní ìparí oṣù, mo ṣe iṣẹ́ kan tó ń gba owó ìtọ́jú àkáǹtì lọ́wọ́ gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba ti ẹni kìíní, ti ẹnì kejì, ti ẹnì kẹta. Ó kan Ajo, ó wó lulẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò san nǹkan kan. Mo wá àtúnṣe sí àṣìṣe yẹn, mo tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti orí ẹni kìíní, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ san lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ irú ariwo tí ìyẹn ń fà lẹ́nu oníbàárà. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ Savings, gbogbo ohun tí à ń retí lọ́wọ́ Savings la ó máa retí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Màmá ló bá mi tú u láìmọ̀. Mo bi í pé ṣé àjọ àti báńkì jọ ara wọn. Ó ní, "Àjọ kì í ṣe ọmọ báńkì. Báńkì ni mò ń gbé àjọ lọ." Mo yọ ọwọ́ Ajo kúrò nínú ẹbí Savings. Ajo dá dúró, ó ní àkáǹtì kan nínú, bí Màmá ṣe ní àkáǹtì tó ń kó owó ọjà sí. Láti ìgbà náà, tó bá ti ń ṣe mí bíi kí n bí class, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá kò kàn ní i lọ́wọ́ ni.

Wàyí o, ti ìfiránṣẹ́. Èyí ni mi ò lè fi eré sọ. Ní ọdún 2022, ọkùnrin kan fi káàdì rẹ̀ gba ₦20,000 lọ́dọ̀ mi. Fóònù rẹ̀ dún, wọ́n ti yọ owó. Ẹ̀rọ mi kọ "declined". Èmi ò rí owó, òun ò rí owó. Ó di ọrùn ẹ̀wù mi mú níṣojú gbogbo àdúgbò, ó ń pè mí lólè. Ọjọ́ kẹrin kí owó náà tó padà sí àkáǹtì rẹ̀. Kò padà wá bẹ̀ mí, àmọ́ ìyẹn ti lọ.

Nígbà tí mo ń dán transfer mi wò, nọ́ńbà yẹn gan-an ni ọwọ́ mi tẹ̀, 20,000. Kóòdù mi yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ olùfiránṣẹ́, ó wá ẹni tó fẹ́ gbà á, nọ́ńbà àkáǹtì yẹn kò sí, ó kú síbẹ̀. Gbogbo owó tó wà nínú báńkì mi jẹ́ ₦100,000 kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kú, ó ku ₦80,000. Mo jókòó, mo ń wo 80,000. Ẹ̀rọ tó mú kí wọ́n pè mí lólè níṣojú àdúgbò ni mo tún fi ọwọ́ ara mi kọ́.

Ibẹ̀ ni ìwé dúdú Màmá ti padà sí mi lọ́kàn. Mo yọ `_owo` kúrò pátápátá. Kò sí nọ́ńbà kankan tó ń jẹ́ iye owó mọ́. Ohun tó wà ni ìwé kan, ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ object: ọ̀dọ̀ ta ló ti wá, ọ̀dọ̀ ta ló lọ, kọ́bọ̀ mélòó, ìgbà wo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó ní, ẹ ka ìlà rẹ̀ kí ẹ rò ó pọ̀. Gbogbo ohun tó lè ṣẹ́ ni mò ń yẹ̀ wò ṣáájú, bóyá ẹni tó fẹ́ gbà á wà, bóyá owó tó, lẹ́yìn náà ni mo wá ń kọ ìlà kan ṣoṣo tó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò sí ìlà tó lè wà ní ààbọ̀. Tí mo bá ṣe àṣìṣe, mi ò ní pa ìlà rẹ́, ìlà mìíràn ni n óò kọ tí yóò dá owó padà, bí Màmá ṣe máa ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá tó sì tún un kọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń ro owó gbogbo báńkì pọ̀. Bí kò bá jẹ́ ₦100,000 géérégé, kí gbogbo nǹkan dúró. Ó gba pé kí owó ìfiránṣẹ́ àti VAT náà ní àkáǹtì tiwọn, torí owó kì í fò lọ sínú afẹ́fẹ́.

Màmá wá kí wa ní Mùṣin ní ọjọ́ Àìkú kan. Mo fi í hàn án. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó fa àga sún mọ́ mi. Mo ní kó wo Ìyá Sikírù, ₦500 lójúmọ́, ọjọ́ 31, ó parí oṣù. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e jáde: ẹ san ₦15,500.

Ó wò ó pẹ́.

"Àjàní, ọjọ́ kìíní ńkọ́?"

"Ọjọ́ kìíní bí i ti báwo, mà?"

"Tèmi ni ọjọ́ kìíní. Ta ló ní kí o fi ta á lọ́rẹ?"

Mo ṣí class Ajo padà. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò síbi tí alájọ wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n má pa láptọ́ọ̀pù, òun ò tíì fẹ́ máa lọ, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀.